Àgò Tí Wọ́n Ń Pè Ní Mag

Dagenham East,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Adérónkẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi mọ ìrísí rẹ̀,

Báwo ni ara? Ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn ńkọ́? Joris ńkọ́, àti ẹni kékeré tó ń tàpá nínú lọ́hùn-ún? Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé gígùn báyìí, wàá ní, "Mummy, ẹ kàn lè pè mí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ lásìkò yìí, èmi á béèrè bóyá o ti jẹun, ìwọ á ní o ti jẹun, àwa méjèèjì á wá dákẹ́, a ó máa gbọ́ èémí ara wa. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn mi kò gba ojú fóònù kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, báàgì búlúù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọṣẹ dúdú wà nínú rẹ̀, òrí wà níbẹ̀, kànrìnkàn tuntun wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìró mẹ́ta tí mo ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ títí wọ́n fi rọ̀, èyí tí a ó fi pọn ọmọ. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti dì í. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè ọjọ́ tí mo lè máa bọ̀, o ní, "A ó máa wò ó, Mummy." Rónkẹ́, mo mọ "a ó máa wò ó." Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Ní kékeré, bí o bá ní kí n ra nǹkan tí n kò ní í rà, ohun tí mo máa ń sọ fún ọ nìyẹn.

N kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ ọmọ mi á dé, wọ́n á gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi kò sì ní í sí níbẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí o má baà máa dá a gbé kiri.

Ṣé o rántí Abena, ará Ghana tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì iléèwé? Àṣé ọdún méjìdínlógún ló lò ní Amsterdam kó tó kó wá sí Barking. Nígbà tí mo sọ fún un pé Utrecht ni ọmọ mi wà, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Mama Rónkẹ́, one word dey wey you go learn first, before hello sef." Ọ̀rọ̀ náà ni mag, ní èdè àwọn ará Holland. Bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun ni wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Èmi ń bu ànàmọ́ sínú abọ́ àwọn ọmọ, mo ń sọ "mag, mag," ọ̀gá kíṣìnì wa sì sáré gbé ife omi wá fún mi.

Abena ní mag kì í ṣe "mo lè" ti agbára. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìyẹn. Agbára wà lẹ́sẹ̀ mi láti gbé báàgì yìí, kí n wọ tírénì ní Dagenham East, kí n máa yí láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ títí màá fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n fún mi láyè? Ibẹ̀ ni mag wà. Ik mag: àyè wà fún mi. Mag ik? Ṣé àyè wà fún mi? Dat mag: kò burú, máa ṣe é. Dat mag niet: a kì í ṣe é. Ó tún ní ik mag, jij mag, hij mag, kò yàtọ̀. Bó o jẹ́ ọba, bó o jẹ́ ìránṣẹ́, mag kan náà ni. Bí wọ́n bá pọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ di mogen. Bó bá ti di ohun àná, mocht ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn bébà tí a fi ń kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀. O lè máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n àgbà kì í kọjá ẹ̀kọ́.

Ìgbà náà ni ọkọ rẹ wá yé mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o mú Joris wá sí Dagenham, ó dúró sórí ẹní ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó wá ka mítà iná. Ṣé òun lè bọ́ bàtà? Ṣé òun lè jókòó síbí? Mo gbé mọ́ín-mọ́ín kalẹ̀, ó jẹ ọ̀kan tán, ó ń wo abọ́, ó ní, "Mama, may I have another one?" Mo wí nínú ọkàn mi pé ọkùnrin ràbàtà báyìí, tí orúnkún rẹ̀ kò gba abẹ́ tábìlì mi, ó ń tọrọ mọ́ín-mọ́ín bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ kò tíì dé ibùdókọ̀ tí mo fi pe Ìyá Ìjọ ní Marks Gate. Mo ní, "Ẹ bá mi wò ó, ọkọ wo ló ń tọrọ àyè kó tó mumi nílé àna rẹ̀?" Ìyá Ìjọ ní, "Ẹ máa dúpẹ́, ma. Tèmi kò tọrọ rí. Òun ló jẹ ẹran tí mo tọ́jú de àlejò." A rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà a sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣé-Mo-Lè.

Jọ̀ọ́, dárí orúkọ yẹn jì mí. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ènìyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Peckham ni mo tó mọ̀ pé a ń kó lọ sí Dagenham. O ń sunkún iléèwé rẹ. Mo ní kí o panu mọ́, bàbá rẹ ló mọ ohun tó dára. Èmi náà wọ báluwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ, mo sunkún tèmi. Kò lù wá, kò bú wa. Kò kàn wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí òun béèrè ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní: ọkùnrin tó ń béèrè, má fojú ọ̀lẹ wò ó, bí ìyá rẹ tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ náà, máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ́ kí òun nìkan máa béèrè kí ìwọ máa pàṣẹ. Mo mọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ bí o ṣe bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ògiri yàrá ọmọ yẹn. Ohùn mi ni mo gbọ́.

Èkejì kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ẹ̀bẹ̀ ni.

Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín lẹ́yìn Àjíǹde, o mú mi wọ kíṣìnì, o gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ tí kò tíì yọ. O ní, "Mummy, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. A kò tíì sọ fún Mama Joris gan-an. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ la fẹ́ fi yà á lẹ́nu." Mo ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" Rónkẹ́, bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu mi, mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún.

Ọjọ́ Àìkú tí mo padà dé, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, mo wọ sùtánà mi, mo kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà sórí bébà kékeré gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa: "Ẹ bá mi dúpẹ́, Olúwa ti bojú wo inú Adérónkẹ́ ní Holland." Mo rò pé Ọlọ́run ni mo kọ ọ́ sí. Mo gbàgbé pé akọ̀wé ìjọ ló ń ka ti Ọlọ́run sókè. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, gbogbo ìjọ ti ń kí mi ní ìyá ìyá ìkókó. Kí n tó délé, Ìyá Ìjọ ti rí ìran, ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ pé kí o má kọjá omi fún ọjọ́ méje. Ní Utrecht! Níbi tí o ti ń gun afárá méjì kí o tó ra búrẹ́dì! Èyí tó burú jù ni ti arábìnrin tó lọ kí Joris kú oríire lójú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tó fi àwòrán ìkókó sí i. Ibẹ̀ ni Mama Joris ti kà á.

O pè mí. O kò pariwo. Ì bá sàn kí o pariwo. O ní, "Mummy, ó ní òun rò pé òun náà jẹ́ ẹbí ni."

Mo ní àdúrà ni mo ṣe. O ní, "Àdúrà ta ni, Mummy? Tèmi àbí tiyín?"

Èsì rẹ̀ rèé. Tèmi ni. Mo rí ẹrù ayọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì dì, mo gbé e lérí, mo ń jó kiri ìlú pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dì í. Bí a bá mú ohun olóhun láìbéèrè, bí a tilẹ̀ fi àdúrà wé e, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. N kò lè kó o jọ mọ́. Mo ti bá Ìyá Ìjọ sọ ọ́. Inú bí i díẹ̀. Ó ní, "Àdúrà wá di ẹ̀ṣẹ̀?" Mo ní, "Rárá ma. Ẹnu wa ni." Ó wá ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nípa ọ̀rọ̀ omi yẹn.

Káàdì kan wà nínú àpòòwé yìí fún Mama Joris. Abena ló bá mi tún Dutch ibẹ̀ ṣe. N kò lẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́ kà á. Bí o bá ní kó lọ, kó lọ. Bí o bá ní kó dúró, fi í pamọ́ sínú àpótí.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ọmọ nìyí, ó sì ti pẹ́ tí ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí mo bí ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá bàbá rẹ dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Kò béèrè. Lọ́wọ́ ta ni yóò ti béèrè, lọ́wọ́ èmi ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó? Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọ lé e. Ó fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ sókè, ó hán ọ. O ké. Èmi fara ti ògiri, omi ọmú mi ń kán sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé mo lè gbé e?" Kò wo ojú mi. Ó ní, "Gbé kí ni? Ṣé o mọ̀ ọ́n gbé ni?" Títí ó fi lọ ni mo ń tọrọ ọmọ tí mo fi ara mi bí. Ik mocht niet. Wọn kò fún mi láyè. Èmi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ fún ìrora yẹn láti ọjọ́ yìí, inú kíṣìnì iléèwé ni mo ti rí i, ní èdè tí n kò gbọ́.

Ó wẹ̀ ọ́ dáadáa o, n kò ní í parọ́ mọ́ òkú. Ọrùn rẹ tó gùn gbọọrọ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Mo sì búra lọ́jọ́ náà pé bí ọmọ mi bá bímọ, n kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Wá wo báàgì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí. Bí òun ṣe di tirẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe di tèmi.

Ọmọ yẹn, tìrẹ àti ti Joris ni. Má tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ìyá ọkọ, ìbáà ṣe èmi. Bí mo bá gbé e pẹ́ jù, na ọwọ́, gbà á. Má sọ "ẹ jọ̀ọ́ ma."

Abena ní nọ́ọ̀sì á máa wá sílé yín fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìbí, á máa kọ́ yín bí a ti ń wẹ ọmọ. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Mo ní, kí wá ni màmá wà fún? Ó ní, "You go cook. You go sit down. You go wait make dem call you." Mo sọ fún un pé oúnjẹ sísè rọrùn, jíjókòó yẹn ló le.

N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Kó ṣáà jẹ́ ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dagenham, mo fi ibà ṣiṣẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣubú ní ibùdókọ̀ kan ní Chadwell Heath. Obìnrin tí kò mọ̀ mí rí ló bọ́ kóòtù rẹ̀ bò mí. O ti iléèwé sáré dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù rẹ, o ní, "Mummy, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni?" Mo ní èmi kì í ṣe alágbe. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sọ sí ọ létí yẹn, mo sì rí i pé o ti gbé e wọ ara bí aṣọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Abena ní níbi tí o wà, àní wọ́n ń tọrọ àyè láti béèrè: mag ik iets vragen? Kò sì sẹ́ni tí ń fojú alágbe wò wọ́n. Lẹ́yìn ìbí, omijé lè máa wá láìnídìí. Bó bá wá, má dá a sun. Sọ fún Joris. Sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí kì í bá ṣe èmi lo fẹ́ sọ ọ́ fún, kò burú, ṣáà sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí Abena kọ́ mi, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní bí ẹnì kan bá ń fà sẹ́yìn, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ń dí ayé lọ́wọ́, wọ́n á sọ fún un pé je mag er zijn. Àyè wà fún ọ láti wà níbí. Mo ń nu tábìlì lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. Mo dáwọ́ dúró. Mo rántí yàrá kan ṣoṣo tí a gbé ní Peckham, obìnrin onílé tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo lókè orí rẹ̀, àti èmi tí mo ń ṣe "ṣìì, Rónkẹ́, rọra, wọ́n á gbọ́ wa." Ọmọ ọdún mẹ́rin, o kọ́ bí a ti ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ní Utrecht, mo wò ọ́ bí o ṣe ń lọ gbé omi nínú ilé tó jẹ́ tìrẹ. Orí ìka ẹsẹ̀ lo ṣì wà.

Je mag er zijn, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ nígbà náà. Fi ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì tẹ ilẹ̀ ilé rẹ. Bí ọmọ yẹn bá dé, sọ ọ́ sí i létí kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí n dákẹ́. Ìyá mi, ìyá-ìyá rẹ tí o kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ìgbà tí ìyá bàbá rẹ lọ tán ló tó wá wò mí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níta, ó dúró, ó ní, "Àgò onílé o!" Mo ní, "Màmá, ẹ wọlé jàre!" Kò mira. Ó ní, "N kò tíì gbọ́ àgò yà." Mo rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe fi Joris rẹ́rìn-ín yìí náà. Mo ní, "Ṣé ilé ọmọ yín kọ́ nìyí ni?" Ó ní, "Ilé ọmọ mi ni. Kì í ṣe ilé mi." Ìgbà tí mo sọ pé "àgò yà" ló tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó jókòó. Kò fọwọ́ kàn ọ́ títí mo fi gbé ọ fún un. Nínú gbogbo ọwọ́ tó gbé ọ nígbà náà, tirẹ̀ nìkan ni o kò ké sí.

Àṣé ohun tí mo ń wá lọ sẹ́nu àwọn ará Holland, ẹnu ọ̀nà ilé wa ló wà. Àwa la ni àgò. Èmi ni mo sọ ọ́ nù sójú ọ̀nà, bóyá ní Peckham, bóyá kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá.

N kò pe Joris pé kó bá mi bẹ̀ ọ́. N kò wọ tírénì. Lónìí, nígbà tí wọ́n gbé bébà ẹ̀bẹ̀ àdúrà kọjá, mo gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé mi, mo sì di ojú mi, mo gba àdúrà tìrẹ sínú.

Bí o bá fẹ́ kí n wá kí ọmọ tó dé, màá wá. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá lọ, màá wá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré, kí n se ọbẹ̀ sínú fírísà kí n sì padà, màá wá. Bó bá sì jẹ́ "kì í ṣe báyìí, Mummy," má wá ọ̀rọ̀ dídùn tí o máa fi wé e. Mag niet tó. Màá tú báàgì yìí, màá fi òrí pa orúnkún ara mi, màá sì máa jẹ́ ìyá rẹ lọ ní Dagenham. O kò ní í pàdánù mi nítorí pé o ní rárá.

Kí Ọlọ́run tó ṣí ojú ọ̀nà fún mi lọ́jọ́ tí mo bí ọ ṣí i fún ìwọ náà, wẹ́rẹ́, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ.

Èmi ni màmá rẹ. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò tíì wọlé.

Àgò o, Àbẹ̀kẹ́.